Ẹ San Owó Ìdákẹ́jẹ́ Mi

Ẹ bá mi bi àwọn ọ̀gá oníjó ìgbàlódé ìlú Èkó: nígbà tí wọ́n ti ní orin tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń wá dé ẹnu ọ̀nà mi? Orin tuntun ni wọ́n máa ń ní kí n kọ. “Bọ̀dá mi, orin tí etí kankan ò gbọ́ rí. Kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú, ohùn èlò nìkan.” Inú mi á dùn, n ó gbé gángan, n ó tan kọ̀ǹpútà. N kò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi orin olórin kan láti òkè òkun ṣe ìdánrawò látọjọ́ yìí. Wọ́n ní ó kàn ń bá wọn di àyè mú ni. Orin tó bá ń di àyè mú, ṣé ó máa ń dìde mọ́? Ẹsẹ̀ àwọn oníjó ti mọ̀ ọ́n, ó ti wọ̀ wọ́n lára. Bí mo bá wá gbé tèmi dé, ojú tí ìyálé fi ń wo ìyàwó tuntun ni wọ́n á fi wò ó. “Ó dára o, ṣùgbọ́n ṣé kò lè jọ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀?” Kó jọ ọ́, kó má sì jọ ọ́ jù, kí olórin má baà pè wá lẹ́jọ́.

Kì í ṣe pé mo jẹ́ agbéraga. Ẹni tó jù mí lọ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ oníjó rí. Nígbà tí Tchaikovsky ń kọ orin The Sleeping Beauty, tí wọ́n kọ́kọ́ jó ní St. Petersburg lọ́dún 1890, Petipa tó to ijó náà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún un: níbí, kí orin gùn tó báyìí; níbí, kó yá; níbí, kó rọra. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi, n ó fi férémù sí i, n ó gbé e kọ́ ògiri. Ohùn orí WhatsApp ló ń dé bá tèmi ní òru, ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí orin yẹn máa mí. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ búlúù.” Kó máa mí? Ṣé ikọ́ ń ṣe é ni? Búlúù wo sì ni? Ti àdìrẹ Ìtokú ni àbí ti ìbòrí òde àríyá?

Ti kíkà ló wá burú jù. Kónkóló ni mo fi bẹ̀rẹ̀ apá kejì orin tí mo kọ fún wọn, ìró agogo tí ọmọ Yorùbá mọ̀ bó bá gbọ́ ọ, bí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìdiwọ̀n wẹ́wẹ́ 12 ló ń rìn kó tó padà sí orí, agogo á sì dún lẹ́ẹ̀meje nínú wọn. Ṣùgbọ́n 8 ni wọ́n kọ́ Àǹtí wa tó ń to ijó láti máa kà níléèwé ijó. Ó bẹ̀rẹ̀: fáìfù, síìsì, sẹ́fùn, éètì! Ó fò. Agogo mi ṣì wà lọ́nà. Ó tún kà, ó tún fò, agogo tún wà níbòmíràn. “Bọ̀dá, wọ́ọ̀nù dà?” Mo ní wọ́ọ̀nù wà níbi tí àwọn bàbá wa fi í sí. Ẹni tó ń ka 8 àti ẹni tó ń ka 12, ó di 24 kí wọ́n tó tún fojú kanra. Mo ní, “Àǹtí, ẹ fi ẹsẹ̀ kà á. Ẹsẹ̀ 4 ló wà nínú ìyípo kan. Ìyípo 2, 8 yín ti pé.” Ó ní wẹ́wẹ́ yẹn lòun fi to ijó, ara òun kò gba òmíràn. Ṣé n kò kúkú lè gé 4 kúrò?

Kí n gé 4 kúrò lára kónkóló! Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo ní bóyá ará ọ̀run ò gbọ́.

Ẹ lọ wo onílù bàtá. Ìyá ìlù á sọ̀rọ̀, oníjó á fi èjìká àti ẹsẹ̀ dá a lóhùn; oníjó á dá àrà, onílù á rí i, á sì gbè é. Ojúkojú ni. Kò sẹ́ni tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sẹ́nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde lọ́dún 1963: ìlù ń sọ̀rọ̀ nínú eré, ó lẹ́nu níbẹ̀. Èmi kò lẹ́nu. Lórí pátákó ìpolówó eré wa, orúkọ ẹni tó ya fọ́tò wà, ti ẹni tó dirun wà, ti omi inú ọ̀rá pàápàá wà. Tèmi ńkọ́? “Orin: ẹgbẹ́ wa.” Ẹgbẹ́ wo? Ní Paris, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1913, òǹwòran pariwo lé The Rite of Spring lórí débi pé oníjó ò gbọ́ orin mọ́. Nijinsky tó to ijó náà gun àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń kígbe kíkà fún wọn. Ìtìjú gbáà! Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé Stravinsky tó kọ orin náà ni àwọn ń bú.

Ṣùgbọ́n John Cage, akọrin-sílẹ̀ bíi tèmi, ni mo ń jowú jù. Òun àti Merce Cunningham tó ń to ijó, bí iṣẹ́ yóò ṣe gùn tó ni wọ́n máa ń fẹnu kò lé lórí, kálukú á sì lọ ṣe tirẹ̀. Oníjó á fi aago dánra wò láìsí orin. Lọ́pọ̀ ìgbà, alẹ́ eré gan-an ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Kò sí pé ó ń mí, kò sí búlúù. Mo sọ ìtàn yìí fún Àǹtí kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Àìsí orin nìkan ló mú níbẹ̀.

Alẹ́ eré dé. Apá kẹta ni mo fi gbogbo agbára mi sí: fèrè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gángan méjì tó ń bá ara wọn jiyàn. Àǹtí ní kí wọ́n pa á. Ìṣẹ́jú 6 gbáko, ìró ẹsẹ̀ lórí pákó nìkan. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Oníròyìn kan bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní nínú gbogbo orin mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló wú òun lórí jù. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Nígbà tí owó wọlé, kò pé. Akápò wọn ní ìṣẹ́jú 6 kan wà níbẹ̀ tí orin kò sí, àwọn ti yọ ọ́. Cage tó kọ 4′33″ lọ́dún 1952, tí ẹnikẹ́ni kò lu ohun èlò kankan nínú rẹ̀, wọ́n ń ta ìwé orin náà títí dòní. Èmi ni wọ́n ń gba owó ìdákẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àǹtí ti tún fi ohùn ránṣẹ́ báyìí. “Bọ̀dá mi, iṣẹ́ tuntun ti dé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìdákẹ́jẹ́ yín yẹn sí i.” Mo ti fèsì. Mo ní ìdákẹ́jẹ́ ti gbówó lórí. Kí wọ́n kọ́kọ́ san ti ìṣẹ́jú 6 àná, kí n tó lè pa ẹnu mọ́ fún wọn.