Ọ̀nà Pọ̀, Afárá Kan

"Ọ̀nà kan ò wọjà," ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún, kó má baà jókòó sunkún. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹni tó ń da ọ̀dà sí ọ̀nà ọjà tí kò tíì ná rí.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìlá Ọ̀ràngún níbí. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ nígboro. Ó fẹ́ ra server tí yóò máa tọ́jú èsì ìdánwò, tí yóò máa fi Unix ṣiṣẹ́, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ò tó ti fóònù ìyá aláta. Ọmọ tó ń tajà tẹ́ ọ̀nà mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá disk sọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀: SATA, SAS, NVMe. Ọ̀gá ní, "Èwo ló yá jù?" Kò bi ara rẹ̀ pé ẹrù wo ni òun fẹ́ rù gba ibẹ̀.

NVMe ló rà. Pẹlẹbẹ báyìí, kò gùn ju ìka àárín lọ, ó sì ń ka nǹkan bíi megabyte 7,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD orí SATA tí ọ̀gá yínmú sí ń ka bíi 550. Hard disk tó ń yí bí òkòtó ń ka 150 sí 200. Nígbà tí mo tọ waya ẹ̀yìn server lọ, ìdí switch ògbólógbòó kan tó so àwọn kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ ló já sí, èyí tí kò lè gbé ju megabyte 12 àti ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Títì oníbejì dé etí odò, igi ẹyọ kan la fi sọdá! Ẹrù ọ̀hún ńkọ́? Èsì akẹ́kọ̀ọ́ 5,000, ká ní kilobyte méjì-méjì, megabyte 10 péré ni. Òkòtó yóò kà á tán kí ènìyàn tó sín.

"Àmọ́ méjì ni mo rà o," ọ̀gá dá mi lóhùn. "Ohun tó wà lórí ọ̀kan ló wà lórí èkejì." RAID 1 nìyẹn. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó jọ gun ẹ̀ka kan, ẹ̀ka méjì kọ́ ni wọ́n ní. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa èsì rẹ́, méjèèjì ló ń pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olè bá gbé àpótí, ó gbé méjèèjì. Ọ̀nà kejì gan-an ni ẹ̀dà tó ń sùn nílé mìíràn.

Iná wá lọ. SSD tí wọ́n dìídì ṣe fún server sábà máa ń ní kápásítọ̀ tó ń fún un láyè láti kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí. Èyí tí ọ̀gá rà kò ní. Ó ra eré, kò ra èémí.

Lọ́nà oko lọ́jọ́ kejì, mo bá adẹ́mu kan nídìí ọ̀pẹ. Ó na igbà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ibi tó ti gbó. Kò tíì gbójú sókè wo ọ̀pẹ.