Ẹ̀ṣọ́ Òde

Nígbà tí tíránsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù lóṣù Ọ̀wàrà 2024, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pèpàdé. Alága ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá, ká fi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ẹnì kan ní iṣẹ́ àwọn oníná ni, kì í ṣe tiwa. Òótọ́ ló sọ. Ẹlòmíì ní owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò tíì pé. Òótọ́ nìyẹn náà. Bàbá kan tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ní òun ti ra sólà ní tòun, kí oníkálukú lọ gbọ́ tara ẹ̀. Ìpàdé tú ká, a padà sínú òkùnkùn.

Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ̀ wọlé, ẹgbẹ́ kan náà tún pèpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ ló dá a lábàá lọ́tẹ̀ yìí pé ká so iná Kérésìmesì sí pápá tó wà ní oríta, irú èyí tí wọ́n ń so sí títì Ajose Adeogun, kí ojú àwa náà lè tó ojú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ojúlé kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, owó ti pé, ó tún ṣẹ́ kù. Bàbá onísólà ló kọ́kọ́ san tiẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbàgbé láti kọ orúkọ òun sára pátákó.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbayì níta, kó ti inú ilé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ọ̀hún kò gbé Èkó lóṣù Ọ̀pẹ̀. Òde la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ wálé báyìí, inú fóònù la sì ń kó o sí. Bí bátìrì bá kú lọ́nà, ẹ̀ṣọ́ bá a lọ nìyẹn.

Ẹ kàn dé Ajose Adeogun ní Victoria Island ní àsìkò ọdún kí ẹ wò ó. Ilé-ìfowópamọ́ kan tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú títì náà (n ò ní dárúkọ wọn, wọn ò sanwó ìpolówó fún mi) ló máa ń fi iná ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Ó rẹwà, a kì í purọ́ mọ́ ohun tó dára. Èèyàn á wò ó títí, á gbàgbé iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì. Àwọn tó ti London wálé ṣọdún náà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n fi iná Oxford Street sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n wá ń ya tiwa. Láti Ìkòròdú ni bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ti ń wá: wọ́n á wọ BRT dé TBS, wọ́n á wọ kórópe ní Ọbáléndé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á dá wọn dúró, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Mo rí ìyá kan níbẹ̀ tó ń bẹ ọmọ ẹ̀ kó yé sunkún kí onífótò lè ráyè ṣiṣẹ́. Iná náà ló ń ba ọmọ lẹ́rù. Ta ni yóò bá a wí? Ọmọ tí wọ́n bí sábẹ́ iná oníbátìrì kò rí ohun tó mọ́lẹ̀ tó yẹn rí láyé ẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Ó ti ń tàn níbẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Látìgbà náà, a ti pe àwọn oníná ní ECN, a pè wọ́n ní NẸ́PÀ, a pè wọ́n ní PHCN, ní 2013 ìjọba pín wọn tà fún aládàáni. Gbogbo ìpè tí a pè wọ́n yìí, wọn ò jẹ́. Lóṣù Igbe 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225, wọ́n ní wọ́n á máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Band C ni tiwa, wákàtí méjìlá, lórí ìwé. Oṣù tí tíránsífọ́mà wa bú náà ni gbogbo iná orílẹ̀-èdè dà wó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù ló ń pín iná tí kò tó mẹ́gáwáàtì 6,000 mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà náà. Ó yẹ kí inú bí wa. Ó yẹ ká lọ jókòó sẹ́nu ọ́fíìsì wọn títí wọ́n á fi gbé tíránsífọ́mà wá. Okùn iná la lọ rà.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa tan iná ni ọmọ télọ̀ kan béèrè pé kí ni a máa fi tàn án. Gbogbo wa dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ti rò ó débẹ̀. Télọ̀ náà ló pàpà gbé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour” yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà, kánópì wà ńlẹ̀, àga wà ńlẹ̀, alága wọ agbádá tuntun. Àṣé agbára jẹnẹrétọ̀ kò ká iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn pọ̀. Bí iná bá tàn, ohùn á lọ. Bí ohùn bá dé, iná á ṣú. Alága ò sì lè má sọ̀rọ̀, òun náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ilé. Ni wọ́n bá pa iná. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ ń ro wá, lórí pàtàkì ìmọ́lẹ̀ láwùjọ, nínú òkùnkùn biribiri, ọmọ ẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan ìwé fún un.

Nígbà tó ṣe tán, wọ́n yọ gbohùngbohùn, iná tàn: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, lára igi máńgòrò kan ṣoṣo tó wà ní pápá. Ariwo sọ lẹ́ẹ̀kan náà: “Up NEPA!” Ọmọdé pariwo, àgbà pariwo, jẹnẹrétọ̀ télọ̀ ń pariwo tiẹ̀ lẹ́yìn kánópì, ìyá arúgbó kan sì ń yin Ọlọ́run tó rántí àdúgbò wa. N ò lè bínú sí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi náà pariwo.

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, akápò ròyìn pé owó iná ṣì kù. Télọ̀ dìde, ó ní ṣé ká kúkú fi bẹ̀rẹ̀ ti tíránsífọ́mà? Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa ti nàka: Ìtùnú Ààwẹ̀ ń bọ̀ lóṣù Ẹrẹ̀nà, ṣé onígbàgbọ́ nìkan ló ni pápá ni? Gbogbo ilé ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi bàbá onísólà ṣe alága.