Ọ̀rọ̀ Lẹ́tà Mẹ́rin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Táílọ̀ ní Peckham níbí, lẹ́yìn Rye Lane, tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ọmọ ìkókó? Kí ni mo tiẹ̀ ń bi yín sí! Ta ni ò tí ì gbé aṣọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé "ó ku bọ́tìnnì nìkan"? Tó bá di ọ̀sán Sátidé, Bàbá Tíṣà á ti gba àga tó yẹ kí oníbàárà jókòó sí, Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi á ti ti ibi iṣẹ́ òru dé, oorun lójú, ẹnu ò dákẹ́. Màmá Òyìnbó tí wọ́n ń gbé òkè á mú ìwé ìròyìn wọn sọ̀ kalẹ̀, crossword á sì bẹ̀rẹ̀.

Crossword tí wọ́n ń pè ní cryptic ni o, kì í ṣe ti ọmọdé. Gbólóhùn kan ni wọ́n á kọ fún ọ. Apá kan nínú ẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ tàbí lópin, ń sọ ìtumọ̀ ohun tó o ń wá, kò purọ́. Wàyó ni ìyókù: wọ́n lè da lẹ́tà rú, wọ́n lè ní kó o kà á láti ẹ̀yìn, wọ́n lè fi ìdáhùn pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ méjì tó fara kanra. Màmá Òyìnbó ló kọ́ wọn. Bàbá Tíṣà ní kí ló wá le níbẹ̀, ṣebí àlọ́ àpamọ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ pa àlọ́ láàárín ìròyìn tó tóyẹn? Wọ́n á ṣì máa wá nọ́ńbà 4 ìbú, Ìyá Ìbejì á ti dé orí iye tí wọ́n ń ta iṣu. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó gbọ́ ọmọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ará Poland, àti ẹni tí kò gbé ìdọ̀tí rẹ̀ síta lọ́jọ́ tó yẹ.

Ẹ dúró, kí n má gbàgbé. Ìtàn kan wà tí Bàbá Tíṣà kì í jẹ́ ká sinmi lórí ẹ̀, ti tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn, Leonard Dawe. Òun ni ọ̀gá Strand School, tí ilé ìwé náà wà ní Tulse Hill tí kò jìnnà síbí, kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ sá lọ sí Effingham ní Surrey nítorí bọ́ǹbù Hitler. Dawe yìí ló ń ṣe crossword fún Daily Telegraph. Láàárín May sí ìbẹ̀rẹ̀ June 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń múra àtiwọ ilẹ̀ Faransé, ni ọ̀rọ̀ àṣírí wọn bá ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú crossword bàbá náà: Utah, Omaha, Overlord, Mulberry, Neptune. Ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ MI5 bá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n bi í síwá, wọ́n bi í sẹ́yìn, wọn ò rí nǹkan kan. Ó di 1984 kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ tó là á pé àwọn ọmọ ni tíṣà máa ń ní kí wọ́n bá òun fi ọ̀rọ̀ kún àpótí, àti pé ẹnu àwọn sójà tó pàgọ́ sí tòsí lòun ti gbọ́ wọn. Bí Bàbá Tíṣà bá ti débẹ̀, wọ́n á tẹjú mọ́ ọ̀rẹ́ mi: "Ìyá Ìbejì, ṣẹ́ ẹ rí i? Òfófó!"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo bí sójà o."

Màmá Òyìnbó fẹ́ràn ti John Graham, àlùfáà tó ń fi orúkọ igi, Araucaria, ṣe crossword fún Guardian. Ní January 2013, inú crossword ló ti jẹ́ káwọn èèyàn ẹ̀ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ń bá òun jà. Ẹni tó bá yanjú ẹ̀ ló gbọ́. Ọdún ọ̀hún ò parí tó fi kú. Ìyá Ìbejì sunkún lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, aṣọ oníbàárà ló fi nu ojú. Èmi rò pé ibẹ̀ náà ló ti mú ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn máa ṣe é ní Yorùbá. Bàbá Tíṣà kọ́kọ́ mú tiwọn wá: "Àgbà dojú kọ oúnjẹ adìẹ." Ẹ wo "àgbà dojú" dáadáa. Ṣẹ́ ẹ ò rí àgbàdo láàárín ẹ̀, tòun ti àmì ohùn? Ó dùn mọ́ gbogbo wa. Àmọ́ àpótí mélòó? Bàbá ní márùn-ún, torí lẹ́tà kan ni "gb" nínú lẹ́tà 25 tá a ní. Ìyá Ìbejì ní mẹ́fà, ohun tí ojú òun rí lòun ń kà. Ariwo di ńlá, Bọ̀dá Táílọ̀ pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́ ìjà dáadáa. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún Màmá Òyìnbó, Màmá ní àwọn ará Netherlands máa ń kọ "IJ" pọ̀ sínú àpótí kan ní tiwọn. Inú Bàbá Tíṣà dùn débi pé wọ́n ra mínírà fún gbogbo ilé. Bàbá Tíṣà o! Owó tiwọn!

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ nípa ìkómọ tá a ṣe nígbà òtútù, tí Ìyá Ìbejì yá Bọ̀dá Táílọ̀ ní kúlà ńlá rẹ̀ kó fi gbé ìrẹsì lọ sílé. Kúlà ò padà. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó dákẹ́. Ta ló ń bá táílọ̀ tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ jà? Sátidé tó kọjá ni Ìyá Ìbejì fa bébà yọ nínú báàgì, ó ní òun náà ní tòun, lẹ́tà mẹ́rin péré:

"Ọjọ́ ikú làwọn kan máa jọ̀wọ́ ohun tí kì í jẹ́ kí ìrẹsì tutù."

Bàbá Tíṣà fi awò sójú, wọ́n ń ka ìka. Bọ̀dá Táílọ̀ tí kì í dá sí i rí ló bá gbórí sókè. "Ẹ dúró, ẹ dúró. Ikú làwọn… kú… là… Kúlà! Kúlà ni!" Ó fò sókè, ó ń bọ àwọn oníbàárà lọ́wọ́, ó ní òun ti na tíṣà lónìí. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó wo Bàbá, ó wo Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì ń wo fáànù.

"Ahh," ni Bọ̀dá Táílọ̀ wí.

Ẹ̀rín wa dé ojú títì. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó gbé kúlà jáde, ṣé mọ̀lẹ́bí zípù ló wà nínú ẹ̀ ni, àbí ti òwú? Ó ń kó wọn síta tìtìjú-tìtìjú. Nísàlẹ̀ pátápátá, kí lẹ rò pé a bá? Léèsì aláwọ̀ ewé Ìyá Ìbejì, èyí tó ti "wà lórí ẹ̀rọ" láti ọdún Àjíǹde. Sísọ́ọ̀sì ò tí ì kàn án!

Mo rò pé ilé máa gbóná. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Táílọ̀ búra pé lónìí yìí, lójú gbogbo wa, lòun ó gé e. Ó tẹ́ léèsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan. Ìyá Ìbejì ní kó rọra ná. Stáìlì tó mú wá nígbà yẹn, ayé ti kọjá ẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó fi òmíràn hàn án, tí apá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Bọ̀dá Táílọ̀ wò ó títí. Ó ká léèsì, ó ní, "Ẹ wá gbà á ní Sátidé tó ń bọ̀."