Ọmọ Tó Dé Oko Olóko Tó Kẹ̀yìn sí Ebè

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko baba ẹni tó tóbi tó ti baba òun. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò ro ti fóònù mọ́ ọn. Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá ti lè dé oko, dandan ni kí ojú rẹ̀ rí i. Ta ni ì bá sọ fún wọn pé ọmọ kan ń bọ̀ tí yóò náwó nára, tí yóò dé oko olóko tán, tí yóò kẹ̀yìn sí ebè, tí yóò na fóònù sókè, tí yóò wá máa rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀?

Ẹ wo Onitsha létí Odò Ọya. Òkè tí yìnyín ń bo kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ti fi adágún orí òkè Switzerland han àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà, pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kò sì sóhun tí èèyàn ń wá dé ọjà Onitsha tí kò ní rí rà. Ni wọ́n bá ra bàtà ìgunkè, bàtà tó wúwo bí òkúta, wọ́n ra ọ̀pá méjì méjì, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ onírun lé e nínú oòrùn Anambra. Ó di Ogbunike, tí kò jìnnà sílé.

Ẹni tó múra òkè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Inú àfonífojì ni ihò àpáta Ogbunike wà. Àtẹ̀gùn bí 317 lèèyàn ń sọ̀ kó tó débẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ sọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ihò, ẹni tó ń mú wọn lọ ní, "Ẹ bọ́ bàtà." Èèwọ̀ ibẹ̀ ni, a kì í wọ bàtà wọnú ihò náà. Bàtà olówó iyebíye tò sẹ́nu ihò, àwọn olówó rẹ̀ ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí kò yọ̀ nínú omi.

Àlejò mìíràn ti dé agbègbè yìí rí tí kò kẹ̀yìn sí ebè: ọdún 1857 ni Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá láti Òṣogùn, bá Odò Ọya gòkè dé Onitsha. Oko baba ẹlòmíràn gan-an nìyẹn. Ohun tó rí ló ń kọ sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni ìwé rẹ̀ tó ń kọ́ni ní kíkà èdè Ìgbò jáde. (Bó bá ní fóònù ńkọ́? Ẹ má bi mí.)

Àìsàn ká kẹ̀yìn sí ohun tá a wá wò yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní abúlé Iseltwald, létí adágún Brienz ní Switzerland, eré Kòríà kan ló sọ afárá onígi kékeré tó yọ sínú omi di ibùdó fọ́tò. Nígbà tí èrò kò jẹ́ kí onílé sinmi mọ́, wọ́n gbé ilẹ̀kùn onírin síbẹ̀ ní 2023: fráǹkì 5 kó o tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú lásán wo adágún láti etí omi kò san kọ́bọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí oníbàárà wọn ń rà.

Ká padà sí Ogbunike. Adán ń fò lókè orí. Omi inú ihò ń ṣàn jáde lọ pàdé odò Nkissa, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń mọ̀ ọ́n pé omi kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Àwọn ọ̀dọ́ wa ò mọ̀. Wọ́n ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti mú ojú wọn dáa. Ọ̀kan péré nínú wọn, tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ló tẹ ẹsẹ̀ bomi, tó yíjú sí afinimọ̀nà, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí omi yìí fi gbóná díẹ̀?"

Wọ́n pariwo mọ́ ọn pé kó yà lọ́nà, ó ti wọ inú fọ́tò.