Oko Baba Gbogbo Ayé

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Òwe yìí ti bá wa ṣiṣẹ́ títí. Bí ọmọ kan bá ti ń fọ́nnu láàárín agboolé, òun ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́, ọmọ náà á sì rọra wábi gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ àná ni òwe náà bá wí; tòní ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ òní ti dé oko baba gbogbo ayé. Ibi tó jókòó sí náà ló wà tó fi débẹ̀, fóònù ló gbé e lọ tó gbé e bọ̀. Ó mọ bí odò Náìlì ṣe gùn tó, ó mọ ilé tó ga jù láyé, mítà 828 ni, ní Dubai, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Oko kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé, ti baba tó bí i lọ́mọ.

Ẹ lọ wo ìdíje ìbéèrè tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà tí táàmù bá ń parí lọ. Láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn, èèyàn ń wo àpáta Olósùnta gàgàrà. Nínú ilé, àwọn ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ọwọ́ wọn wà lórí aago. Olùbéèrè ò tíì sọ dé "ilé wo ló ga…" tí aago ti dún: "Burj Khalifa!" Ìpàtẹ́wọ́. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kan, alága ọjọ́ náà, bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà béèrè ẹyọ kan. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba wa ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, èyí tó wà ní London?" Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ọmọ kan tẹ aago tán kó tó rántí pé òun ò mọ̀ ọ́n, ó wáá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀kùn iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?" Olùbéèrè yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n fo ìbéèrè náà, nítorí pé kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fún òun.

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ìsẹ̀-Èkìtì ni, ìrìn ọkọ̀ tí ò tó kéèyàn sùn. Ọlọ́wẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873, ó wá sí Ìsẹ̀, ó ṣe ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ Arínjálẹ̀, ọba ìlú náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ igi débi pé àwọn ọba ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ pè é. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, ó ń gba àlejò òyìnbó ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Ambrose. Òyìnbó ò fi ẹsẹ̀ rìn wá, àwọn aláàárù ló rù ú. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn yọ jáde lára igi, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ kó máa lọ.

Ní ọdún 1924, ilẹ̀kùn náà bá ara rẹ̀ ní Wembley, níbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún gbogbo ilẹ̀ abẹ́ àṣẹ wọn. Àwọn ará British Museum rí i, ojú wọn ò kúrò lára rẹ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà ní òun ò tà. Nígbà tó yá, ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Àwọn kan á ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, bóyá òótọ́ ni. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kábíyèsí ò béèrè ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀kùn òun dára. Ó mọ̀. Ohun tó béèrè ni nǹkan tí yóò jókòó lé.

Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí irú àwọn ọmọ ìdíje wọ̀nyẹn ń kà, tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì, "Current Affairs" ni wọ́n kọ sí iwájú wọn. Èyí tó tóbi jù, èyí tó gùn jù, èyí tó kéré jù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí èyí tí ilé tó ga jù láyé inú rẹ̀ ṣì jẹ́ Sears Tower ní Chicago, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1998 ni Malaysia ti gba ipò náà, Taiwan gbà á, Dubai tún gbà á. Ẹni tó kọ ìwé náà ò gbọ́, ẹni tó ń kà á sórí ò gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi Chicago sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó wúlò fún wa. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ mọ Chicago nítorí ilé gíga mítà 442. Ní Chicago yẹn kan náà, nínú Art Institute, òpó ààfin Ògògà tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ dúró níbẹ̀: ọba lórí ìtẹ́, ayaba dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Kò ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Gíga rẹ̀ ò tó kó wọ ìwé pẹlẹbẹ.

Ta tilẹ̀ ni ẹni tó ń wọn oko fún gbogbo ayé yìí? Ní ọdún 1951, Hugh Beaver, ọ̀gá ilé ọtí Guinness, lọ ṣọdẹ ẹyẹ ní Wexford, ní Ireland. Ó yìnbọn, kò bà á. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n jókòó ti ara wọn, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀: ẹyẹ wo ló yára jù nínú àwọn tí wọ́n ń yìnbọn fún ní Yúróòpù? Wọ́n wá ìwé tí yóò parí rẹ̀, wọn ò rí. Bàbá náà wáá rò ó pé irú ìjà báyìí á máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ilé ọtí lálaalẹ́. Ó wá àwọn ìbejì kan, Norris àti Ross McWhirter, ó ní kí wọ́n bá òun kọ ìwé tí yóò máa parí ìjà, ìwé náà sì jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1955. Ọtí dúdú tí wọ́n ń pọn ní Ìkejà láti ọdún 1962 náà ni o. Ilé ọtí ti ta ìwé náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti wá nìyẹn. Adájọ́ tí gbogbo ayé ń wárí fún, ìdí ìgò ni wọ́n ti bí i. Ní Èkìtì, àwọn baba wa ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ nídìí ẹmu láìsí ìwé kankan: ẹni tó bá san owó akèrègbè ló jàre.

Mi ò bá ẹni tó ṣe nǹkan gidi jà. Tóbi Amùsàn fo irin ọgọ́rùn-ún mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2022. Eré ìje ni wọ́n pè é sí, ó sáré, ó gba ipò ẹni tó yára jù láyé nínú eré náà. Hilda Baci, alásè, náà ka òfin ìwé Guinness lórí ìdáná tó pẹ́ jù kó tó gbé ìkòkò kaná ní Lẹ́kí, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó dáná fún ọgọ́rùn-ún wákàtí. Nígbà tí àwọn olùwé Guinness kà á tán, wọ́n yọ wákàtí bíi méje kúrò nítorí pé ó sinmi ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀rẹ̀, ó ku wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11. Ipò náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, tí wọ́n kéde pé ọkùnrin ará Ireland kan, Alan Fisher, ti dáná ní Japan fún wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57.

Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn ni wèrè fi bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ilé ló gbé ìkòkò síta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì dáná títí wọ́n fi kéde wákàtí 120, àwọn èèyàn jó, wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò wọ ìwé. Bẹ́ẹ̀, bí àgbà bá kú ní Ìkẹ́rẹ́, obìnrin ilé á gún iyán láti alẹ́ mọ́jú, á tún gún un lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó ń bá wọn ka wákàtí, kò sí fídíò, àwọn àna nìkan ló ń ké pé iyán ò kárí. Bó ti wù kó rí, Adó-Èkìtì ò fẹ́ kẹ́yìn. Oṣù Keje dé, àwọn kan ní àwọn fẹ́ ṣe ìfẹnukonu ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìfẹnukonu! Ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin dè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn olùwé fúnra wọn ti pa ẹ̀ka ìfẹnukonu aláìsinmi yẹn rẹ́ tipẹ́, nítorí pé ó ń ṣe àwọn èèyàn léṣe. Tọkọtaya kan ní Thailand ló gbà á kẹ́yìn ní ọdún 2013, wákàtí 58 àti ìṣẹ́jú 35. Àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ bá wọn dá oko tí olóko ti pa tì. Kí oṣù náà tó parí, àwọn olùwé ń bẹ̀bẹ̀ lórí Twitter pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dá gbogbo ẹ̀bi sọ́rùn ọmọdé. Àwa àgbà ló kọ́kọ́ fọ́nnu láìdé oko ẹlòmíràn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, àwa ni "àkọ́kọ́ ní Áfíríkà", a kọ ọ́ gàdàgbà. Bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1954 ni Morocco ti ní tiwọn. Lónìí pàápàá, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ Èkìtì mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ ọ pé kò sí ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ tó Èkìtì ní gbogbo ayé. Ta ló kà wọ́n? Kálukú ka ti ìdílé tirẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Mo ti wáá ronú ìdíje kan tó yẹ gúúsù Èkìtì. Kí ọ̀dọ́ kan jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà ní Èmùré, kó pa fóònù, kó máa gbọ́ oríkì ìdílé wọn àti bí wọ́n ṣe dé àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Òfin kìíní: kò gbọdọ̀ wo aago. Ó lè sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí òfin àwọn olùwé ṣe wí. Ẹlẹ́rìí méjì á wà níbẹ̀, ìyá àgbà àti ewúrẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn ṣájì fóònù lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Ìkẹ́rẹ́. Ó rò ó títí, ó mi orí.

"Ó dáa o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ṣé kò tíì sí ẹni tó ṣe é ní India?"

Kí n tó la ẹnu, ó ti yọ fóònù oníbàárà kan kúrò lára iná, ó ti ń wò ó.