Ìpara Olówó Gọbọi, Ẹsẹ̀ Funfun

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó ń gbé Atlanta ń dá, èmi tí mo ń kọ èyí sì wà nínú wọn, n kò tíì jáwọ́: a máa ń ra ìpara olóòórùn dídùn tí owó igò rẹ̀ kan tó ra àpò ìrẹsì. Àdúgbò Buckhead ni ibi tó rọrùn jù láti dá a, níbi tí ilé ìtajà ńlá méjì, Lenox Square, tí wọ́n ṣí ní 1959, àti Phipps Plaza, tí wọ́n ṣí ní 1969, ti múlé ti ara wọn lẹ́bàá Peachtree Road. Ọmọge tó ń tajà á kán ìpara tí kò ju èékánná lọ sí ẹni lẹ́yìn ọwọ́, òórùn òdòdó á gba imú, làákàyè á sì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. N kò ní sọ pé ayédèrú ni ìpara náà. Ohun tí mo ní í sọ ni pé owó rẹ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ìpara. Ìpara kì í ṣe ohun à ń fi ṣahun; bó bá sì ti wọ́n jù, ahun ni yóò sọ ẹni tó rà á dà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní igò 200 ml jẹ́ 60 dọ́là, iye tí kì í ṣe àjèjì láàárín àwọn ìpara tó ń jẹ́ orúkọ lọ́fíńdà olókìkí. Owó orí ọjà láàárín ìlú Atlanta jẹ́ 8.9 dọ́là lórí 100, nítorí náà dọ́là 65 ó lé díẹ̀ ni yóò kúrò lápò. Àwọn dókítà awọ ara a máa fojú bù ú pé ìpara tí yóò kárí ara àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan tó gíráàmù 30. Bí a bá pa á bó ṣe yẹ, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, igò yẹn ò lè pé ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń lọ sí 10 dọ́là lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ 7.25 dọ́là ni owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí láti 2009. Ta ló lè ṣe irú ìyẹn? Ọgbọ́n ló kù. Ọgbọ́n ọ̀hún ni pé ká kán an sọ́rùn, ká kán an sọ́rùn ọwọ́, ká wá fi èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ nu ìgúnpá. Ojúgun ò rí nǹkan kan gbà. Gìgísẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ra ìpara. Bí a ṣe ń rí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ń ta sánsán nìyẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì funfun bí ẹni tó gba inú ẹfun kọjá. Mo mọ ẹni náà dáadáa. Orúkọ kan náà ni èmi àti ẹ̀ ń jẹ́. Bí igò bá sì tán, a kì í sọ ọ́ nù: a ó rọ ìpara olówó pọ́ọ́kú sínú rẹ̀, a ó gbé e padà síwájú dígí kí àlejò lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ Atlanta jẹ́ ìlú tó ń fẹ́ ìpara púpọ̀. Tí òtútù bá dé, tí a tan ẹ̀rọ amúlégbóná, afẹ́fẹ́ inú ilé á gbẹ táútáú, ọyẹ́ á wá máa mú wa nínú yàrá. Ohun tí awọ ara ń fẹ́ nígbà yẹn kò ju pé kí nǹkan ọlọ́ràá dí omi ara mọ́lẹ̀ kó má baà fẹ́ lọ. Vaseline tí Robert Chesebrough gbàwé àṣẹ lé lórí ní 1872 ń ṣe é. Òrí ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Chesebrough. Ẹ yí igò olówó ńlá náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n to ohun inú rẹ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ sísàlẹ̀. Omi ló sábà máa ń ṣíwájú, glycerin kì í sì í jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe wà lẹ́yìn ìpara 10 dọ́là. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ jù ni òórùn, òfin sì gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, fragrance, bo ọ̀pọ̀ èròjà tó ń mú un jáde. Òórùn yìí náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara, American Academy of Dermatology, ní kí ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ yẹra fún, nítorí ó lè mú ara yún. Ìyẹn ni pé ohun tí a torí rẹ̀ san àlékún owó gan-an ni awọ ara ò bẹ̀ wá.

Ẹnìkan á ní òórùn náà la kúkú ń rà, ta ló ń sọ̀rọ̀ awọ ara? Ó dáa. Ta ló wá ń gbọ́ òórùn ọ̀hún? Kì í pẹ́ kó tó mọ́ imú ẹni lára. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó sanwó ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ará ìta ló kù, Atlanta sì jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ wa ti ń dá jókòó sínú mọ́tò lórí òpópónà I-285, tó jẹ́ pé obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà nìkan ló ń bá wa sọ̀rọ̀, òun náà ò sì nímú. Òde òwàm̀bẹ̀ ńkọ́? Aṣọ ẹbí ti bo ìpara látòkè délẹ̀, òórùn ẹran díndín ti gba gbọ̀ngàn kan. Èròjà olóòórùn inú ìpara kéré gan-an sí ti inú lọ́fíńdà; kò lè bá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọ̀yá ìjà. Wọ́n á tún ní ìpara ló ń jẹ́ kí lọ́fíńdà pẹ́ lára. Òótọ́ ni, ara tí a ti para máa ń di òórùn mú ju ara gbígbẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìpara èyíkéyìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní òórùn ló sì dára jù, torí kì í bá lọ́fíńdà du ipò.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn afínjú. Wọ́n á rán wa létí pé afínjú wọjà, ó rìn gbẹndẹ́kẹ, pé ọ̀bùn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ wọlé. Òwe náà ò mẹ́nu ba iye tí afínjú ra ìpara. Àdí, osùn àti òrí ni àwọn ìyá ńlá wa fi ń tọ́jú ara, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́bùn. Òótọ́ ni pé òrí a máa rùn èéfín, torí iná ni wọ́n fi ń yan èso ẹ̀mì kí wọ́n tó fún ọ̀rá rẹ̀. Nínú òtútù, ó ń le débi pé àfi ká fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ. N kò ní purọ́ pé ó ń yọ̀ lára bíi ìpara Buckhead. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti yọ òórùn rẹ̀ kúrò wà nínú ike. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó ńlá pàápàá mọ iyì rẹ̀: ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Burkina Faso ni L'Occitane ti ilẹ̀ Faransé ti ń ra òrí tó ń pò mọ́ ìpara tirẹ̀. A fi òrí sílẹ̀ lọ́jà Ṣakí, a wá ń wọ mọ́tò lọ rà á nínú igò tó ń sọ èdè Faransé.

Ó ku ti adùn, ìyẹn ni n kò lè bá jà. Bí ẹni tó ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn bá ní òórùn kan ń mú inú òun dùn lẹ́yìn ìwẹ̀, ta ni mí tí n ó ní kó má rà á? Kó rà á, kó kọ ọ́ sábẹ́ owó fàájì, níbi tí owó aṣọ ẹbí wà, kó má kọ ọ́ sábẹ́ ìtọ́jú ara. Kó sì ra ìpara mìíràn fún ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ òórùn nìkan ló ń wù ú, lọ́fíńdà kékeré kan yóò bá a dé ibi tí ìpara ò lè dé. Ní ti ìpara gan-an, òṣùwọ̀n kan ni mo ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi ṣì ń fìdí rẹmi lórí rẹ̀: ẹ gbé igò náà fún ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Bí ẹ bá lè wò ó kó fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, kó fi ra ikùn, kó tún fi ra orúnkún, tí ẹ ò pariwo, owó rẹ̀ tọ́. Bí ẹnu yín bá ti yá sí "Díẹ̀díẹ̀ o, ìwọ ọmọ yìí!", ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rà á kí rìsíìtì tó sọnù.