Oníka Mẹ́sàn-án Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń kọ́ wa: àléébù ara kì í ṣe ohun tí a ń pariwo lé ẹni tó ni ín lórí. Ṣùgbọ́n àwa ará òde òní ti fi òwe náà ṣe àṣejù. A kò kà á lójú rẹ̀, a kò kà á lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó sì yá, a kò kà á mọ́ èèyàn mọ́.

Ẹ fi ìkànìyàn ọdún 2006 wò ó. Ìjọba kà wá, a lé ní mílíọ̀nù 140. Àkàndá ẹ̀dá tí wọ́n rí kà nínú gbogbo wa kò ju mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ lọ, kò pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí èèyàn bá pé mẹ́fà láyé yìí, ọ̀kan wọn á ní ìpèníjà ara tó lágbára. Àfi bí Ọlọ́run bá ya Nàìjíríà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ọlọ́runṣògo dé Ìwó Road n'Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan péré mọ̀ pé kò yà wá sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ka èèyàn ni wọ́n mọ̀wà á hù jù.

Irú ìwà rere yìí náà ni àwọn iléeṣẹ́ wa gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan wà ní Ọlọ́runṣògo, àgbẹ̀ tó ń gbin pákí, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Bàbá ní fóònù, TalkBack sì wà nínú rẹ̀: ibi tí ìka bá kàn lójú fóònù, yóò ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè. Bàbá gbọ́ pé fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àwọn àgbẹ̀ ti jáde. Ó wọ ìkànnì, ó fọwọ́ kàn án. Fóònù ní, "Bọ́tìnnì." Ó sún ọwọ́ sápá kejì. "Bọ́tìnnì." Ó sún un wá sísàlẹ̀. "Bọ́tìnnì." Ẹni tó ṣe ìkànnì náà kò kọ orúkọ sí ìdí ọ̀kankan nínú wọn. Ọmọ Yorùbá mà ni o! Bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, tó bá di ọjọ́ kẹjọ, ìyá ọkọ á sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ìyàwó á sọ ọ́, onílé á sọ ọ́, aládùúgbò tí wọn kò pè á ju náírà sínú abọ́, á sọ tirẹ̀. Bọ́tìnnì tí gbogbo ìlú máa tẹ̀ kò rí ẹyọ kan jẹ́.

Ká tiẹ̀ ní bàbá mọ èyí tó máa tẹ̀. Àlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù ń bẹ níbẹ̀, àmọ́ orí bébà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ya bébà ní fọ́tò, fọ́tò ọ̀hún ni wọ́n gbé sórí ìkànnì. "Àwòrán," ni fóònù wí, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìkànnì ní kí bàbá fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ: kí ó tẹ gbogbo àwòrán tí ẹ̀rọ omi panápaná bá wà nínú wọn. Èmi tí mo ríran, n kò rí ẹ̀rọ omi panápaná kankan rí láti Akáńrán títí dé Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀rọ jókòó, ó ń bi èèyàn bóyá èèyàn ni, ó sì ní èèyàn kò yege. Kí bàbá tó rí ọmọ ọmọ rẹ̀ pè kó wá bá òun wò ó, àsìkò nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti kọjá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọmọ yẹn ti mọ pásíwọọ̀dù bàbá àgbà báyìí, ó sì ti mọ iye tó wà ní báńkì.

Adití kò ní irú wàhálà yẹn. Tirẹ̀ ni pé, bí nǹkan bá yíwọ́, ìkànnì á ní: "Ẹ pe nọ́ńbà yìí."

Bi àwọn iléeṣẹ́ léèrè, wọ́n á ní àkàndá ẹ̀dá kì í wọ ìkànnì àwọn. Òótọ́ ni, kò ṣeé wọ̀ fún wọn. Wọ́n á ní owó àtúnṣe pọ̀. Ohun tí àwọn olùṣètò Òlíńpíìkì Sydney sọ náà nìyẹn. Bruce Maguire, afọ́jú kan ní Australia, fẹjọ́ wọn sùn lọ́dún 1999 pé òun kò rí ìkànnì wọn lò. Wọ́n ní àtúnṣe rẹ̀ á jẹ ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Àjọ tó gbọ́ ẹjọ́ náà kò gbà á gbọ́. Ní August 2000, ó ní kí wọ́n tún un ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ṣe é tán, wọ́n sì san 20,000 dọ́là Australia fún Maguire. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó béèrè ni kí wọ́n kọ gbólóhùn kúkúrú sí ìdí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ìlànà bí a ṣe ń ṣe é, àjọ W3C tó ń gbé ìlànà ìkànnì kalẹ̀ ti gbé e jáde láti May 1999, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwa náà kúkú ní òfin. Ní 2010, Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá, tó dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì gbangba ní abala kẹsàn-án (bí ẹni pé wọ́n gbọ́ òwe wa). Ní January 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá rú u, mílíọ̀nù 1 náírà ni owó ìtanràn. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe. Ọdún márùn-ún pé ní 2024. Àwọn kan ti da simẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. Bàbá tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù láti Ọlọ́runṣògo, kí ló fẹ́ fi simẹ́ǹtì ṣe?

Àwọn tó gbọ́n jù ra ohun èlò kan: àwòrán èèyàn kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igun ìkànnì, tí ẹni tó ń tà á ní ó ti parí gbogbo ìṣòro. Ní 2025, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́wọ́ accessiBe, iléeṣẹ́ kan tó ń ta irú rẹ̀, nítorí ó ń tan oníbàárà pé ẹ̀rọ òun lè mú ìkànnì yòówù bá ìlànà mu.

Ẹ má wá rò pé wọn kì í ka oníka mẹ́sàn-án rárá o. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta oṣù December, àyájọ́ àkàndá ẹ̀dá lágbàáyé. Wọ́n á kó wọn jọ síwájú kámẹ́rà, wọ́n á ka kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n á ka ọ̀pá afọ́jú, wọ́n á ka àpò ìrẹsì, ọ̀gá àgbà á máa rẹ́rìn-ín. Ìka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n máa kà, lójú oníka. Ìkíni tí wọ́n kọ sí àwọn afọ́jú, wọ́n á fi lẹ́tà aláwọ̀ eérú kọ ọ́ sínú fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí ìkànnì. Fóònù bàbá á ní, "Àwòrán."

Kí ọ̀gá àgbà tó fọwọ́ sí owó ìkànnì náà wọ yàrá rẹ̀, kí oníròyìn kankan má tẹ̀ lé e. Kí ó tan TalkBack sórí fóònù ara rẹ̀, kí ó fi aṣọ di ojú ara rẹ̀, kí ó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó iléeṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sú u tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa TalkBack, bàbá Ọlọ́runṣògo mọ̀ ọ́n. Kí ó kàn má fi fọ́tò béèrè.